Búrẹ́dì Ẹnu Ọ̀nà Itẹ́ Òkú

Àpótí gíláàsì náà ṣófo. Ojú ibi tí Aumoana ti máa ń sùn lórí aṣọ àrán pupa nìkan ló kù, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀, bí ìrọ̀rí tí olólùfẹ́ ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí kúrò lórí rẹ̀.

Kóró Pōtaka, bàbá àgbà tó ń tọ́jú ilé ìpàdé Waikōpua, ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Wọ́n ti pa wá," ló wí. "Lónìí tí àlejò ń bọ̀! Lónìí gan-an!"

Kiripuai Tautahi sún mọ́ àpótí náà. Sájẹ́ǹtì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni nílùú Tūranga, ṣùgbọ́n ọmọ Waikōpua wa ni. Ó gba ìsinmi wálé kí ìbuwọ́lùwé àárín àwa àti ilé iṣẹ́ oyin lórí òkè wa lọ́sàn-án yìí lè ṣojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ilẹ̀kùn àpótí náà. Wọn ò fọ́ ọ, wọn ò yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, wọ́n sì ti dá kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún padà sẹ́yìn àwòrán bàbá ńlá wa, níbi tó máa ń wà.

"Ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé, Kóró?"

"Èmi. Ìyàwó mi. Àǹtí rẹ Mākere." Bàbá náà fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Àti òyìnbó rẹ, Fergus. Àbí o ti gbàgbé? Ìwọ lo fi hàn án."

Kò gbàgbé. Ìrántí náà gún un láyà bí ẹ̀gún.

Kùmọ̀ òkúta aláwọ̀ ewé ni Aumoana, ó tutù lọ́wọ́ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Kò sí májẹ̀mú tí àwọn èèyàn wa bá ẹnikẹ́ni dá rí tí òkúta yìí kò sí lórí ẹní. Ẹni tó bá buwọ́ lùwé níwájú rẹ̀, àwọn tó ti kú ló búra fún. Tí Aumoana kò bá sí, kò sí ìbuwọ́lùwé. Tí kò bá sí ìbuwọ́lùwé lọ́sàn-án yìí, ilé iṣẹ́ oyin yóò kó àpótí oyin wọn lọ sí etíkun àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sì bá wọn lọ.

Ohun tí Àǹtí Mākere fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Láti ìgbà tó ti jẹ́ lọ́yà kékeré tó ń yá bàtà wọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Wellington, olú ìlú, ló ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wa. Òun ló gba etíkun wa padà lọ́wọ́ ìjọba. Òun ló gba òkè Pukeāwhā padà. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Kiripuai, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, ló fi ṣe ọmọ. Ó máa ń sọ pé ẹ̀tọ́ tí kò bá gbé oúnjẹ wálé, orin lásán ni. Nígbà tó rí i pé àwọn ọmọ tó gba ilẹ̀ fún ń wọ bọ́ọ̀sì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọn ò padà, ó wojú òkè, ó rí òdòdó igi mānuka, tí kòkòrò oyin fẹ́ràn, tó bò ó funfun, ó ní oyin ni yóò dá wọn dúró.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò lágbo ilé," Kiripuai sọ fún Kóró. "Mo fẹ́ rí Fergus."

*

Fergus Lyall, aṣojú ilé iṣẹ́ oyin, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìdáná Àǹtí Mākere, níbi tó dé sí. Eruku pupa òkè wà lára bàtà rẹ̀. Irú bàtà kan náà ló tẹ ojú ọ̀nà láti ẹ̀yìn ilé ìpàdé lọ títí dé tòsí itẹ́ òkú orí òkè. Kiripuai ti rí i.

Àwọn obìnrin tó ń bó ọ̀dùnkún ṣí etí sílẹ̀ gbayawu.

"Níbo lo wà ní ìdájí?"

"Mo gun òkè, Kiri. Òdòdó ti ń tán lára àwọn igi ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ wo ti òkè."

"Ṣé o wọ itẹ́ òkú?"

"Rárá. Ẹ̀yìn ọgbà ni mo dúró sí."

"O rí ẹnikẹ́ni?"

Ojú rẹ̀ tó dà bí òkun lẹ́yìn òjò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀dọ́bìnrin náà. "N ò rí ẹnì kankan."

Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti gbé orí lé àyà ọkùnrin rí, yóò mọ ìgbà tí èémí rẹ̀ yí padà.

"Kó ohun tó wà lápò rẹ jáde."

Ó kó o jáde: ọ̀bẹ kékeré, òdòdó mānuka tó ti rọ, àti odidi búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí Àǹtí Mākere wé sínú aṣọ fún un láàárọ̀. Kò sí Aumoana.

"Kì í kúkú ṣe inú àpò lèèyàn ń kó irú ẹ̀ sí," ìyàwó Kóró sọ láti ibi tó ti ń bó ọ̀dùnkún. "Tó bá jẹ́ ọmọ wa kan ló ń rìn kiri ní ìdájí, ṣé kò ní ti wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá? Ṣùgbọ́n ìfẹ́ òyìnbó dùn, ó ń pani lójú."

Ẹ̀rín bú. Kiripuai gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ títí dé gìgísẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kì í ṣe Fergus. Olè wo ló ń já òdòdó bọ àpò? Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ojú àwọn tó tọ́ ọ dàgbà, ó sì rí i pé òun kò lè gbé ẹ̀gàn ọjọ́ náà.

Ó fa ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ yọ.

"Kiri," Fergus sọ jẹ́jẹ́. "O mọ̀ mí."

"Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lyall."

"Ẹ" yẹn dùn ún ju irin ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó wolẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Lójú fèrèsé ilé ìdáná, Àǹtí Mākere dúró pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n.

*

"Ó parí," Kóró Pōtaka wí bí wọ́n ti ń gun òkè. "Kó kàn sọ ibi tó gbé e sí. Kí la tún ń wá lọ?"

"Kóró, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹja tó bá tètè gbé ìwọ̀ mì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó ń ṣàìsàn."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ti mutí yó lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín mọ́ imú. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. A kì í jẹun níbẹ̀. Oúnjẹ àti òkú kì í pàdé. Ike omi kan máa ń wà lábẹ́ òpó. Ẹni tó bá ń jáde yóò fi wẹ ọwọ́, yóò wọ́n díẹ̀ sórí, kí ohun tí í ṣe ti òkú má bàa tẹ̀ lé e lọ bá alààyè.

Ike náà dùbúlẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Ó gbẹ táútáú. Òjò kò tíì rọ̀ láti Kérésìmesì, táǹkì tí wọ́n fi ń pọn omi sí i náà sì ti gbẹ. Lẹ́bàá òpó, àwọn ológoṣẹ́ ń bá ara wọn jà lórí nǹkan.

Kiripuai lé wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Búrẹ́dì!" Kóró lọgun. "Òyìnbó yẹn jókòó síbí jẹun! Lẹ́nu ọ̀nà àwọn baba wa! Àwọn ìyá wọn ò tiẹ̀ kọ́ wọn ní nǹkan kan!"

Kiripuai fi ìka tọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Kíkan ìwúkàrà ọ̀dùnkún ni, irú èyí tí Àǹtí Mākere ń ṣe.

"Tí ẹ bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì, Kóró, ṣé ẹ máa ń lọ̀ ọ́ kúnná kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́ ni?"

"Eyín mi ò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí èépá. Kò sí ibi tí eyín ti gé e. Òkìtì kékeré méjì ni, ọ̀kan lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ ọwọ́ òsì." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni ń fọ̀ wọ́n. "Ẹni yìí kò jẹ ẹ́. Ó fi fọ ọwọ́ ni. Ó ṣí ike, kò sí omi, ó lo búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì?" Kóró gbójú sókè. "Ní tiwa o, tí omi ò bá sí nínú ike, odò la ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwọn ará òkè odò nìkan ló ń..."

Ó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lára mānuka, òórùn oyin gba gbogbo òkè. Kiripuai kò dìde. Ó ti padà di ọmọ kékeré. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀, ìjì ti wó táǹkì omi, Àǹtí Mākere sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ níbí yìí, ó ń fọ́ búrẹ́dì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi díẹ̀ pa á lórí. *Kí ìyá ẹ lè sinmi, kí ìwọ náà lè jẹun.*

"Ta ló kù nínú ìran àwọn ará òkè odò, Kóró?"

Bàbá náà wo òkun títí.

"Ẹ̀yin méjì péré," ló wí níkẹyìn. "Ọ̀kan ló kúnlẹ̀ níwájú mi yìí."

*

Àǹtí Mākere ń po ìyẹ̀fun fún búrẹ́dì àlejò. Kiripuai ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Àǹtí, búrẹ́dì yín wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú."

Ọwọ́ Àǹtí Mākere kò dúró. "Mo fún Fergus ní búrẹ́dì láàárọ̀."

"Tirẹ̀ wà nínú aṣọ tí ẹ wé e sí, lódindi."

"Bóyá méjì ni mo fún un."

"Ẹ má ṣe báyìí sí mi, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́." Kiripuai fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Òyìnbó tó bá jí Aumoana, inú ọkọ̀ ni yóò gbé e sí, yóò sì sá lọ. Kò ní gbé e gun òkè. Ká tiẹ̀ ní ó wọ itẹ́ òkú, omi ni mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní ti búrẹ́dì. Ẹni tó bá sì mú búrẹ́dì dání láti ilé ti mọ̀ pé ike lè gbẹ. Ó máa ń lọ síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó gbé búrẹ́dì sórí òpó kó tó wọlé, torí mo rí èérún rẹ̀ lókè níbẹ̀. Ó bẹ̀rù kó má gbé oúnjẹ wọlé tọ òkú." Ó sún mọ́ tábìlì. "Olè tó ń bọ̀wọ̀ fún òkú tó báyìí kì í ṣe olè."

"Kí ló wá jẹ́?"

"Ìyẹn ni mo wá bi yín."

Ọwọ́ Àǹtí Mākere dúró. Ó wò wọ́n, ọwọ́ funfun báláú nínú ìyẹ̀fun, bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Ìyá rẹ di ọwọ́ yìí mú lórí ibùsùn ikú," ó wí. "Ó ní, 'Mākere, gba òkè yẹn padà fún wa. Tó o bá sì gbà á, má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ àlejò mọ́ láé.' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Ó kú lé 'bẹ́ẹ̀ ni' mi lórí."

Kiripuai fi ọwọ́ di àga mú. Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń kú lọ bá fi lé èèyàn lọ́wọ́ ju ìwé ilé ẹjọ́ lọ. A kì í dà á.

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ká jókòó máa wo òkè, kí àwọn ọmọ máa wọ bọ́ọ̀sì lọ? Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà á yé ìyá rẹ. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, oorun dá lójú mi. Kí n gbé Aumoana lé ẹní, kí n búra níwájú òkú lórí ọ̀rọ̀ tí mo dà mọ́ òkú lọ́wọ́? Mi ò lè ṣe é. Kí n sì dìde sọ fún àwọn èèyàn pé oyin tí mo fi ń ru wọ́n sókè láti ọjọ́ yìí, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀? Ìyẹn náà, mi ò lè ṣe é. Mo bá gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó bá mi dá ẹjọ́ náà."

"Fergus ńkọ́, Àǹtí?"

Àǹtí Mākere di ojú. Omijé já bọ́ sórí ìyẹ̀fun.

"Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí i nígbà tó o dè é. Gbogbo ayé mi ni mo fi pariwo fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn. Lónìí ó kàn mí láti pariwo, mo ń po búrẹ́dì."

Kiripuai fẹ́ bínú. Ìbínú náà kò wá. "Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe òun," ó wí. "Kí n tó dè é ni mo ti mọ̀. Ojú ayé ni mo ń wò."

Àwọn méjèèjì kò lè wo ojú ara wọn.

*

Abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ funfun orí sàréè ìyá Kiripuai ni Aumoana wà, Àǹtí Mākere fi gèlè wé e. Ó gbé e jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó rọra gbé e lé orí koríko, ó di ọwọ́ sẹ́yìn.

"Máa lọ. Èmi ò yẹ lẹ́ni tó ń wẹ̀."

Kiripuai mú búrẹ́dì tó gbé lé orí òpó kí wọ́n tó wọlé, ó bù ú sí méjì.

"Ẹ mú ọwọ́ wá, Àǹtí."

"Tó o bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ, sọ pé o dárí jì mí. Ìwọ ló ni ọ̀rọ̀ náà báyìí. Sọ ọ́, ká gbé Aumoana lé ẹní, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀."

Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré, oyin á ṣàn, orúkọ Àǹtí Mākere á mọ́ láéláé. Kiripuai fi búrẹ́dì ra àtẹ́lẹwọ́ Àǹtí rẹ̀, ó fi díẹ̀ pa á lórí, níbi tí irun ti funfun jù.

"Mi ò lè dá ṣe é ní kọ̀rọ̀," ó wí. "Ilé gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí àwọn náà bá sọ pé kí n tú yín sílẹ̀, màá tú yín sílẹ̀ níwájú wọn."

*

Lọ́sàn-án, ilé ìpàdé kún. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ oyin jókòó sápá kan, wọ́n ń wo aago. Àǹtí Mākere dìde pẹ̀lú Aumoana lọ́wọ́, gbogbo ilé sì mí kanlẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n rò pé ó wá a rí.

Kò gbé e lé ẹní. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfi ti lọ́yà kan gbe ara rẹ̀. Nígbà tó parí, ohùn òkun nìkan là ń gbọ́.

Kóró Pōtaka yíjú sí Kiripuai. "Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Sọ̀rọ̀."

Ó dìde. "Ìyá mi kò fẹ́ kí òkè náà bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Àǹtí mi kò fẹ́ kí ó kù láìsí ọmọ tí yóò gùn ún. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn wa. Mi ò lè gbé ọ̀kan nínú wọn borí èkejì lónìí. Ẹ jẹ́ ká ṣì dúró, ká jọ sọ ọ́ láàárín ara wa, bó ti yẹ ká ti ṣe tẹ́lẹ̀."

Àwọn ọ̀gá náà dìde. Wọ́n bọ̀wọ̀, wọ́n tẹríba, wọ́n sì lọ sínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀dọ́ kan sunkún níbi ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Kóró gba Aumoana, ó dá a padà sórí àrán pupa, ó ti àpótí. Àǹtí Mākere ń dúró de èébú. Bàbá náà na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ìwọ ni wàá máa tọ́jú ẹ̀ láti òní lọ," ó wí. "Ojoojúmọ́."

Ìyá náà gbà á. A rí i pé ìbá sàn fún un ká ní Kóró gbá a létí.

*

Fergus wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá lábẹ́ igi. Kiripuai tú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ náà. Ojú irin ti pọ́n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"O rí i láàárọ̀," Kiripuai wí. "O rí Àǹtí mi níbi tó ti ń jáde."

"Mo rí i."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ìwọ lo kọ́ mi, níwájú sàréè ìyá rẹ. O ní a kì í bi èèyàn ohun tó lọ ṣe lọ́dọ̀ òkú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la kì í rò ó fún ẹlòmíràn." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Mo rò pé, tí mo bá pa á mọ́, inú rẹ á dùn sí mi."

Kiripuai sún mọ́ ọn láti fi imú kan imú rẹ̀, bí a ti ń kí ara wa, bí wọ́n ti máa ń kí ara wọn lójoojúmọ́. Fergus fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò le, kò ní ìbínú nínú. Ó kàn fà sẹ́yìn.

"Ó dàbọ̀, Sájẹ́ǹtì. Ẹ bá mi kí Àǹtí."

"Ẹ" náà ni òun pẹ̀lú fi san án fún un. Ó rin ìrìn rẹ̀ lọ sójú ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń dúró, òdòdó mānuka tó rọ náà sì já bọ́ láti àpò rẹ̀ sínú eruku.

Kiripuai dúró síbẹ̀ títí eruku ọkọ̀ wọn fi rọlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó bá ìyókù búrẹ́dì orí òpó níbẹ̀. Ó fọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó rà á, ó tún rà á. Àwọn ológoṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ yí bàtà rẹ̀ ká, wọ́n ń ṣa èérún.

Búrẹ́dì náà tán. Ó ṣì ń fọ ọwọ́.